Bọ́kẹ́ẹ̀tì Orí Àtẹ̀gùn Kejì

Ìka méjì. Múfútáù Lásùpọ̀ tún un wọ̀n, ìka méjì náà ni.

Ó dojú bolẹ̀ gbalaja létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé Màmá Kẹ́yẹ, ikùn rẹ̀ lórí táìlì tútù, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ká ìbora adágún náà kúrò, ó lẹ téèpù dúdú mọ́ ògiri rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí omi dé. Lónìí, omi ti fi ìka méjì kúrò lára téèpù yẹn. Ó wá yíjú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ka orí àtẹ̀gùn kejì nínú omi, èyí tó gbé òkúta sínú rẹ̀ kó má baà léfòó. Téèpù pupa ló lẹ̀ mọ́ inú èyí. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì kúrò lára téèpù pupa rárá.

"Áà!" ni Múfútáù wí. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kò le. Oòrùn kan náà ló ń pa omi inú rẹ̀ àti omi ìta rẹ̀, ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí méjèèjì. Bí méjèèjì bá jọ ń lọ sílẹ̀, ọyẹ́ ló ń mu wọ́n, kò sì sẹ́ni tí yóò bá ọyẹ́ ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ti adágún bá lọ sílẹ̀ tí ti bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró gbọin, omi ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde nìyẹn. Yálà ilẹ̀ ń mu ún, tàbí ènìyàn ń bù ú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Lásùpọ̀." Ìgbín ló sọ̀rọ̀ yẹn láti ìsàlẹ̀ omi.

Ìgbín ni gbogbo òpópónà Akínfẹ́nwá ń pe ẹ̀rọ náà, nítorí pé ògiri adágún ló máa ń rọra gùn kiri láti àárọ̀ dalẹ́, tí yóò máa fọ ẹ̀rẹ̀ kúrò lára táìlì. Kò tóbi ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ, ohùn obìnrin tó ń ka ìròyìn ni wọ́n sì fi sí i lẹ́nu. Nǹkan kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni wíwọn omi nígbà ọyẹ́. Eruku ti ba ojú tí wọ́n fi sí i fún iṣẹ́ yẹn jẹ́ láti ọdún kẹta, ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ọmọ ènìyàn gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀.

Ó gun ògiri títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi yọ jáde nínú omi. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, a kọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn: OMI PÉ. OMI Ń JÒ. WỌ́N Ń JÍ OMI.

"Aago méjìlá ọ̀sán ni àkókò yín dópin," Ìgbín ní. "Bí ẹ kò bá tẹ ọ̀kankan, èmi yóò tẹ 'Omi ń jò'."

"Mo gbọ́, aláriwo. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Múfútáù dìde, ó gbọn eruku kúrò níkùn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó sì ti tó ọdún méjìlélógún tó ti ń tọ́jú omi yìí. Nígbà òjò, omi òrùlé ojúlé mẹ́rìnlélógún ló ń ya sínú adágún náà, a sì máa gbé ewé àti eruku àti àkèré lọ́wọ́. Òun ni yóò sẹ́ ẹ, tí yóò wọ́n òògùn sí i, tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ògiri kó má baà di tútù bí ewédò. Lóṣù kẹjọ, àwọn ọmọ òpópónà a máa kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, nítorí láti ọdún omíyalé ńlá, ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kò lè wọ ilé-ìwé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ìka bọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ti dí gbogbo kànga àti borehóòlù ìlú pa nítorí ilẹ̀ tó ń rì, nítorí náà omi yìí ni ojúlé mẹ́rìnlélógún náà yóò máa mu títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.

"Múfútáù!" Màmá Kẹ́yẹ ló pè é láti orí àga rẹ̀ ní fàráńdà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni màmá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀yìn tì. Láti ìdájí ló ti jókòó síbẹ̀, nítorí pé olùbẹ̀wò Ìgbìmọ̀ Omi ń bọ̀ lónìí. "Kí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì wí?"

"Màmá, ohun tó wí lánàá náà ló wí lónìí."

"Ìka mélòó?"

"Méjì."

"Yéè!" Màmá lu itan. "Ilẹ̀ ni àbí ènìyàn?"

"Ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sọ̀rọ̀."

"Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, wọ́n á fa puúlù yìí gbẹ, wọ́n á da yanrìn dí i. Omi tí bàbá Kẹ́yẹ fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Kí wá ni n ó sọ fún gbogbo òpópónà yìí lóṣù kejì? Pé kí wọ́n máa lá táìlì?"

"Bó bá sì jẹ́ ènìyàn ńkọ́, Màmá?"

Màmá Kẹ́yẹ wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó tún wo Múfútáù. "Bó bá jẹ́ ènìyàn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "á jẹ́ pé ẹni náà ni yóò lọ."

Ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà fún yé àwọn méjèèjì. Bọ́látitó ni, ìyàwó Kẹ́yẹ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ri páìpù ní òkè Ọya láti oṣù mẹ́ta, ó fi òun àti ọmọ oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Òkun ti gbé ìlú wọn mì nígbà tó wà ní kékeré, Àgọ́ Orí-Òkúta ló sì ti dàgbà, lábẹ́ tápólì. Ìwé tó fi ń gbé ní Ìbàdàn kò ju pé ó fẹ́ ọmọ Ilé Omi lọ, ìyẹn ilé tí adágún òpópónà wà. Bí ẹ̀sùn omi bá kàn án, wọ́n á fa ìwé yẹn ya, ọkọ̀ àgọ́ ni yóò sì gbé òun àti ọmọ rẹ̀ padà.

Ẹnu àwọn ènìyàn kì í kúrò lára àwọn ọmọ etí òkun. Wọ́n ní wọn kì í lè rí omi kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Múfútáù kì í bá wọn dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ.

Kí a sọ òótọ́, ọkùnrin yìí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Rìsíká ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òjò bá ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an. Ó sì ní ohun tó rí. Ní ọjọ́ kẹta tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó dé ní kùtùkùtù, ó bá ipa ẹsẹ̀ tútù lórí táìlì, láti ibi àtẹ̀gùn títí dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ẹsẹ̀ náà kéré, kò wọ bàtà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ká Bọ́látitó mọ́ etí omi, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó náà ta gìrì bí ẹni tí wọ́n pariwo mọ́.

Ó wọ aṣọ rọ́bà rẹ̀, ó bọ́ sínú omi pẹ̀lú sìríńjì tó rọ zóbò kún. Olùtọ́jú nìkan ni òfin gbà láàyè láti wọ omi lásìkò ọyẹ́. Níbikíbi tí táìlì bá ti là, yóò tú zóbò díẹ̀ síwájú rẹ̀, yóò sì sé èémí kí omi má mì. Bí ihò bá wà níbẹ̀, yóò fa zóbò náà mọ́ra bí ẹni ń fẹnu fà á mu. Ó ṣe é nídìí iná inú omi, nídìí asẹ́, àti ní gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ibi tó tú u sí ló dúró sí, pupa rẹ̀ ń rọra fẹ̀ lójú kan. Ihò kankan kò fà á.

Ilẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Bó ṣe jáde nínú omi, Bọ́látitó ń bọ̀ láti kíṣìnnì. Nígbà tó rí i, ó dúró, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú òtútù."

"Káàárọ̀, ìyàwó. Ibo lò ń lọ?"

"Kò sí o, Bàbá. Mo kàn ní kí n gba atẹ́gùn sára."

"Atẹ́gùn." Múfútáù ń bọ́ aṣọ rọ́bà lọ́rùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. "Ọyẹ́ tó ń bó ètè ènìyàn yìí lo fẹ́ gbà sára? Ìwọ àti ọmọ ọwọ́?"

Bọ́látitó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ètè rẹ̀ sì bó lóòótọ́, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọjú wo fàráńdà níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ ìborùn.

"Kí lo mú lọ́wọ́?"

"Bàbá?"

"Mo ní kí lo mú lọ́wọ́ yẹn, tó o fi aṣọ bò."

"Kọ́ọ̀pù ni, sà."

"Kọ́ọ̀pù kí ni?"

"Kọ́ọ̀pù lásán ni." Ó dìde, ó ti ń fẹ̀yìn rìn padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ fẹ́ sùn. Mò ń bọ̀, Bàbá."

Ó wọlé lọ, ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Múfútáù wo fàráńdà. Màmá Kẹ́yẹ ti gbé ojú kúrò, ó ń wo inú àgbàlá bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Kọ́ọ̀pù lábẹ́ aṣọ, létí omi tí wọ́n ń bù. Kí lẹnì kan tún fẹ́ wá lọ?

Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ó jókòó sídìí páǹpù, ó fọ asẹ́, ó tún asẹ́ tó ti fọ̀ fọ̀. Ó ń wo ìgò ìpín méjì tó so mọ́ ìbàdí. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì ni ti Rìsíká, tí òfin gbà fún un nítorí ìdè apá olùtọ́jú tó wà lápá rẹ̀. Lára ìgò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: MU ÚN FÚNRA RẸ. Ẹni tí kò bá ní ìdè apá kò gbọdọ̀ bu ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin Ìlàjẹ kan ní ojúlé kẹjọ bu ìdajì ìgò fún àbúrò rẹ̀ tí ibà ń ṣe. Kò sun oorun ọjọ́ kejì ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún ẹni tó fi tirẹ̀ tọrẹ, kí ni wọ́n yóò ṣe fún ẹni tó jí ti gbogbo òpópónà?

Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó rò ó pé kó tẹ OMI PÉ, kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò yóò wọn omi, yóò rí ìka méjì. Bó bá sì fà á títí aago méjìlá, Ìgbín yóò tẹ OMI Ń JÒ, yanrìn ni yóò sì kún inú adágún. Ọmọ ọwọ́ mélòó ló wà ní ojúlé mẹ́rìnlélógún?

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjìlá lù, ó lọ síbi ògiri, ó kan ẹ̀yìn Ìgbín gbọ́ngbọ́n, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì kẹta.

"Ta ni?" Ìgbín béèrè.

"Bọ́látitó. Ìyàwó Kẹ́yẹ."

"Mo ti gbọ́. Olùbẹ̀wò, Ìyáàfin Ṣófolúwẹ̀, ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹ má sọ fún ẹni tí ẹ dárúkọ."

"Bó bá wá jẹ́ pé mo ṣì í ńkọ́?"

"Ẹnu yín nìkan ló lè yí i padà, níwájú olùbẹ̀wò. Olùtọ́jú tó bá yí ẹ̀sùn padà yóò fi ìdè apá rẹ̀ sílẹ̀."

"Mo kàn ń béèrè ni," Múfútáù ní.

Ọ̀sán yẹn gùn. Màmá Kẹ́yẹ jẹun, ó tòògbé lórí àga, ó sì wọlé lọ nà sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù. Múfútáù wà nínú yàrá páǹpù níbi tó ti máa ń kírun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dìde lórí ẹní, eruku iyẹ̀pẹ̀ tó fi ṣe àlùwàlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí táìlì. Ó yọjú lójú fèrèsé.

Bọ́látitó ni. Ó wo fàráńdà, ó wo géètì, ó yọ kọ́ọ̀pù jáde lábẹ́ aṣọ, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Inú Múfútáù dùn, ẹ má bínú sí i. Láti aago méjìlá ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Nísinsìnyí, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò tún sí àríyànjiyàn mọ́. Ó dúró kó bẹ̀rẹ̀, kó ki kọ́ọ̀pù bọ omi, kí òun tó yọ sí i.

Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀. Kò ki kọ́ọ̀pù bọ nǹkan kan. Ó gbé e sókè bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó rọra dà á, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ lórí téèpù pupa. Nígbà tí omi dé ibi téèpù gẹ́lẹ́, ó dáwọ́ dúró.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Kọ́ọ̀pù bọ́, ó yí gbirigbiri lórí táìlì. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ké. Bọ́látitó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí Múfútáù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. N kò fọwọ́ kan omi puúlù, mo fi ọmọ mi búra. Omi ìpín mi ni."

"Omi ìpín rẹ? Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi?"

"Omi àlùwàlá yín ni, sà."

Múfútáù wo iyẹ̀pẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Mo rí i pé ẹ gbé e síbẹ̀," Bọ́látitó ní. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń jo ọmọ lẹ́yìn lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. "Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí ni yín. Mo rí i pé ẹ fi téèpù sàmì ibi tí ẹ fẹ́ kí omi dé. Láràárọ̀, ó máa ń dín díẹ̀, bíi kọ́ọ̀pù kan péré. Mo ní ẹ ń ṣọ́ ọ lò nítorí òfin. Bàbá tó bí mi, ìrun rẹ̀ kì í yẹ̀. Èmi ni mo máa ń bomi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní àgọ́. Ìyá mi á ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àgbà jí bá omi rẹ̀ lábọ̀, ó ní ìwà àìnílé ni."

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e kalẹ̀. Lónìí ni n kò rí àyè, Màmá kò kúrò ní fàráńdà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ojúlé kẹjọ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Múfútáù yí ojú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ tó ń la àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń gbẹ aṣọ lórí okùn kó tó di pé a yí ẹ̀yìn padà, ọyẹ́ yẹn fẹ́ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, omi inú rẹ̀ kò sì dín rárá, òun olùtọ́jú ọdún méjìlélógún kò sì bi ara rẹ̀ léèrè! Ibo lojú òun wà? Ara ìyàwó ilé ló wà. Ìka méjì tí adágún dín, ọyẹ́ ló mu ún. Omi pé. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ló ń gba omi lẹ́nu ara rẹ̀ láràárọ̀, kí òun má baà jókòó sí ìdọ̀tí níwájú Ọlọ́run. Ètè rẹ̀ tó bó, bọ́kẹ́ẹ̀tì òun ló gba omi rẹ̀.

Ojú tì í débi pé kò lè wò ó.

"Dìde," ó ní. "Dìde, jọ̀ọ́."

Kò tíì dìde tí aago géètì fi dún.

Ìyáàfin Ṣófolúwẹ̀ tètè dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó wọ kóòtù aláwọ̀ omi, àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ó kí wọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Màmá Kẹ́yẹ tó ti jáde síta pẹ̀lú ojú oorun, lẹ́yìn náà ó mú Múfútáù nìkan lọ sí ìhà kejì adágún.

"Bàbá, mo ti rí ohun tí ẹ tẹ̀. Mo sì rí orúkọ." Ó yí àwo náà sí i kó lè kà á. "Ọkọ̀ àgọ́ wà ní òpin òpópónà. N kò fẹ́ ariwo. Ṣùgbọ́n kí n tó pè wọ́n, ẹ jẹ́ n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó wò ó, ó fi ìka kan téèpù pupa.

"Ọjọ́ mélòó lẹ ní ó ti wà níbí?"

"Mẹ́sàn-án."

"Nínú ọyẹ́ yìí?" Ó gbé ojú sókè. "Tí kò sì gbẹ rárá?"

Múfútáù mọ̀ pé òótọ́ ń dúró de òun lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: ìyàwó ń kún un. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á yọ Bọ́látitó kúrò nínú ẹ̀sùn olè, wọ́n á sì fi ẹ̀sùn ìpín tó bù fún ẹlòmíràn gbé e lọ. Ọkọ̀ kan náà ni. Ó ronú kan Rìsíká pẹ̀lú, tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ yìí tí yóò máa wo ọ̀nà ìgò kejì.

"Èmi ni mò ń kún un," ó ní.

"Ẹ̀yin?"

"Láràárọ̀. Mo máa ń rí i pé ó dín, mo máa ń da omi ìpín mi kún un. Ọjọ́ orí ni, Ìyáàfin. Mo gbàgbé ohun tí mo torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Omi pé. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan. Mo yí ẹ̀sùn mi padà."

Ìyáàfin Ṣófolúwẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó gbẹ, tí iyẹ̀pẹ̀ wà láàárín ìka. Ó yíjú wo òdìkejì omi, níbi tí Bọ́látitó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Kọ́ọ̀pù náà ṣì wà lórí táìlì.

"Ọdún méjìlélógún," ó ní. "Ẹ sì gbàgbé ohun tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà fún."

"Mo gbàgbé."

"Ta ló ni kọ́ọ̀pù yẹn?"

"Èmi ni mo ni ín."

Bọ́látitó ti gbọ́ ìyẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe..."

"Dákẹ́!" Múfútáù jágbe mọ́ ọn, ohùn tí kò lò fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn rí. "Àgbà ń sọ̀rọ̀, o ń já lu ọ̀rọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé yín?"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó dákẹ́, ó sì tẹ orí ba.

Olùbẹ̀wò fi ìka nu orúkọ kúrò lójú àwo, ó na ọwọ́. Múfútáù tú ìdè apá rẹ̀. Awọ ibi tó wà fún ọdún méjìlélógún funfun ju ìyókù lọ. Ó tú ìgò kejì kúrò ní ìbàdí, ó gbé e lé ìdè náà lórí, ó kó wọn fún un.

"Múfútáù!" Màmá Kẹ́yẹ ké. "O fẹ́ẹ́ pa wá! Puúlù mi! Ìwọ àgbàlagbà!"

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Ẹ bo omi yín padà, ó ti ju bó ṣe yẹ lọ tó ti wà ní ìhòòhò."

Ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti sìríńjì rẹ̀. Ó ti dé géètì nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Bọ́látitó dé iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú eruku, ó ń sunkún, ó ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ọlọ́run yóò ṣe é fún yín. Bàbá mi kò lè ṣe jù báyìí lọ fún mi. N ó máa pe orúkọ yín nínú àdúrà títí n ó fi kú. Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi ṣe irú èyí?"

Ì bá má sọ nǹkan kan. Ì bá fọwọ́ kan orí rẹ̀, kó gba ẹ̀mí ọpẹ́ náà lọ sílé, kó ní nǹkan tí yóò sọ fún Rìsíká. Ó gbìyànjú rẹ̀. Kò ṣeé gbé mì.

"Mo ti fi ọ́ sùn kí olùbẹ̀wò tó dé," ó ní. "Ní ọ̀sán yìí, kó tó di aago méjìlá. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi dárúkọ rẹ pé olè ni ọ́. Ọkọ̀ àgọ́ tó wà ní òpin òpópónà yẹn, ìwọ àti ọmọ rẹ ni mo ní kí wọ́n wá gbé."

Bọ́látitó kò yí ojú kúrò lójú rẹ̀. Ẹkún rẹ̀ dá. Ó jọ pé ó ń ka ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà lọ́kọ̀ọ̀kan: gbogbo ìkíni, gbogbo ìbéèrè, gbogbo ìgbà tí àgbàlagbà yìí wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tú ọwọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbọn eruku kúrò lára ìró, ó tún ọmọ ṣe lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ó dìde lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó sì wọlé lọ.